Ọdún Tí Mo Ru Ìkòkò Ìyá Mi Jáde

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ lójú mi pé obìnrin tó bá fẹ́ padà sí ilé-ìwé kò lè ṣàìrí olùrànlọ́wọ́, ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi ni màá gbé lé e lórí, màá ní kó rù ú láti Òmù-Àrán dé Ẹ̀sìẹ́ kó tó wá bá mi sọ̀rọ̀. Mo mọ bí ìkòkò yẹn ṣe wúwo tó, torí èmi ni mo rù ú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ọdún náà ni àwọn sójà gé wa kúrò lára Àríwá, tí wọ́n ní Ìpínlẹ̀ Kwara la ó máa jẹ́, tí gbogbo àgbàlagbà sì ń dunnú pé ìjọba ti súnmọ́lé, pé Ìlọrin kì í ṣe Kàdúná, pé èèyàn lè jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ nílé, kó lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀, kó sì padà wá jẹ iyán alẹ́. Ìyá mi gbà wọ́n gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà ni ìyá mi. Kíláàsì kejì ló ń kọ́ ní ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù, kíláàsì kejì náà ló sì ti ń kọ́ kí wọ́n tó bí mi, torí pé oyún mi ló dá a dúró nígbà tó yẹ kó lọ gba ìwé-ẹ̀rí Gíréèdì Túù. Gíréèdì Tirí ló ní. Ẹni tó bá ní Tirí kò lè kúrò lójú kan. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ẹlòmíràn kọjá lórí rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọkùnrin kan tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní a-b-d, tó ń bá a nu ikun imú, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé lé e lórí. Ọmọ náà kò gbéra ga o, ó tiẹ̀ máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n bó bá ti dìde tán, á ní kó mú ìwé ètò iṣẹ́ rẹ̀ wá kí òun fọwọ́ sí i. Ìyá mi fara dà á fún sáà kan. Nígbà tó di sáà kejì, ó lọ ṣe ìdánwò àbáwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan lọ́nà Ìlọrin láìsọ fún ẹnikẹ́ni àfi bàbá mi. Ó yege. Lẹ́tà dé pé kó wá ní oṣù kìn-ín-ní, pé ọdún méjì ni, àti pé ẹni tí kò bá san owó sáà kí ilẹ̀kùn tó ṣí, àyè rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó ti bímọ mẹ́rin. Bó bá wọlé síbẹ̀, owó oṣù rẹ̀ ti dúró nìyẹn. Bàbá mi sì rèé, káfíńtà ni, àwọn tó ń kan bẹ́ǹṣì fún kì í tètè sanwó, ohun tó bá sì wọlé, ẹnu wa ló ń bá lọ.

Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé náà. Ayùn bàbá mi á máa ké lábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀, òfì Ìyá Àgbà á máa dún gbà-gbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Kíjìpá ló ń hun, kì í sì í sọ̀rọ̀ nídìí òfì. Bó ṣe ń gbá òwú pọ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ẹnìkan ti ṣẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti ìyá mi á jọ gúnyán, ọmọ orí odó tèmi kúrú ju tirẹ̀ lọ, ọbẹ̀ á sì ti máa hó lórí ààrò nínú ìkòkò dúdú kan tí ẹnu rẹ̀ ti ṣán díẹ̀. Ìyá Àgbà ló fún un ní ìkòkò náà lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé bàbá mi: ìyá ọkọ ló ń fún ìyàwó ní ìkòkò ọbẹ̀, ìkòkò náà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí ìyàwó bá gbé e jáde, ó ti kọ ọkọ nìyẹn, kò sì lè padà àfi bí wọ́n bá lọ tọrọ rẹ̀ ní ọ̀tun lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni Ìyá Àgbà ti sọ ọ́ létí mi, mo sì gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ pé kí n ti ilẹ̀kùn kí ewúrẹ́ má wọlé. Ìyá mi náà gbọ́ ọ. Ó kà á sí ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́ ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti wá owó ilé-ìwé fún ara mi, mo ti wá a fún àwọn ọmọ mi, n kò sì tíì rí ohun tó ń sú èèyàn tó o. Àkọ́kọ́, ó gba ọ́fíìsì kan lọ ní Ìlọrin. Wọ́n ní ọmọdé ni ìjọba ń ràn lọ́wọ́, ṣé kì í ṣe pé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ wọlé, tó wá fi orúkọ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù? Ó ní òun ni. Wọ́n ní kó lọ, kó padà wá. Ó padà lọ, wọ́n ní ìwé kan kù. Nígbà tó gbé ìwé náà dé, ọkùnrin kan wo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, ó rí i pé Ìlá ló ti kàwé, ó ní Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìlá wà, kí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ràn án lọ́wọ́. Ìyá mi ní Igbómìnà ni Ìlá, Igbómìnà ni òun náà, ẹnìkan ló fa ìlà sáàárín àwọn, àwọn kọ́ ni àwọn fà á. Ọkùnrin náà ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ Igbómìnà sí lórí fọ́ọ̀mù, ìpínlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i tí ìyá mi wọlé láìkí Ìyá Àgbà. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń yọ ìyẹ̀pẹ̀ kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń dá sọ̀rọ̀.

Ìgbìmọ̀ ìjọ ló kàn. Àwọn wọ̀nyẹn tiẹ̀ fi àánú gbọ́ ọ. Wọ́n gbàdúrà fún un. Wọ́n wá ní ìyàwó pásítọ̀ nìkan ni àwọn ní owó fún, ṣé Ọlọ́run kò tíì máa pe ọkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni? Nígbà tó sọ ọ́ fún bàbá mi, bàbá mi yọ ìṣó kúrò lẹ́nu, ó ní Ọlọ́run ti pe òun, iṣẹ́ káfíńtà ló pe òun sí, ó sì kan ìṣó náà mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú ní Òmù-Àrán ní owó tí wọ́n ń dá fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi débẹ̀, wọ́n ní ọmọ Ẹ̀sìẹ́ ni, kó lọ bá àwọn bàbá rẹ̀. Ó bá lọ sí Ẹ̀sìẹ́, sí agboolé bàbá rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ilé tó wà lókè Ọya ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń fi owó ran ọmọ ilé lọ́wọ́. Wọ́n ní ìyàwó Òmù-Àrán ni, kó lọ bá àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tì í síbí nìyẹn tí wọ́n ń tì í sọ́hùn-ún. Àwọn ìyá tó ń yọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìjọba nígbà yẹn, tí wọ́n ń ní iná àti ọ̀nà ọlọ́dà ń bọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi í pé báwo lọ̀rọ̀ ìwé rẹ ti jẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ Ẹ̀sìẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá mi ni, Jọ́ọ̀sì ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Akọ̀wé Jọ́ọ̀sì. Ó máa ń wálé lọ́jọ́ ìkórè, ní Kérésì, ní Àjíǹde àti nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ bá pe ìpàdé, nínú oòrùn gan-gan ló sì ń wọ súwẹ́tà torí kí a lè mọ̀ pé ibi òtútù ló ti ń bọ̀. Kì í ṣèkà, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Òfin ló fẹ́ràn. Ó ń fi aṣọ funfun wé ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ bí ẹni ń wé Bíbélì. Nígbà tí ìyá mi bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tú aṣọ náà, ó ṣí ìwé, ó ní òfin sọ pé ọmọ tó ń gbé lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀ ni ẹgbẹ́ lè ràn lọ́wọ́, yálà kò tíì lọ́kọ tàbí ó ti kúrò nílé ọkọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí ìyá mi bá lè kó ẹrù rẹ̀ wálé, kó wà níbẹ̀ di ìpàdé Kérésì, òun á kọ orúkọ rẹ̀.

Bàbá mi àti ìyá mi sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ọgbọ́n lásán ni, wọ́n ní. Á lọ gbé ní Ẹ̀sìẹ́ fún ìwọ̀nba oṣù díẹ̀, owó á jáde, kọ́lẹ́ẹ̀jì á wọlé, kò sẹ́ni tó kọ ẹnìkan. Wọ́n ṣàlàyé fún Ìyá Àgbà pé àpótí aṣọ nìkan ló ń gbé lọ. Ìyá Àgbà kò dunnú sí i, òfì rẹ̀ sì dún kíkankíkan lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní àpótí kì í ṣe nǹkan, ẹni tó ń rìnrìn-àjò náà ń gbé àpótí. Ìyá mi kó lọ nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, ọjọ́ ìkórè pé, Akọ̀wé Jọ́ọ̀sì wálé. Ó wọ yàrá tí ìyá mi wà, ó wo àpótí, ó wo ẹní. Ó ní àpótí nìkan kọ́ ni ẹrù. Ibi tí ìkòkò ọbẹ̀ obìnrin bá wà, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀, kó lọ gbé ìkòkò wá. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó mọ ohun tí ìkòkò jẹ́ nílé wa. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi wá ní ọjọ́ ọjà, nígbà tó rò pé Ìyá Àgbà á ti lọ ta kíjìpá. Ó fọ ìkòkò náà, ó fi aṣọ ìkélé bò ó, ó ká òṣùká fún mi, ó gbé e lé mi lórí, ó ní kí n máa lọ síwájú torí pé kò sẹ́ni tó máa bi ọmọdé léèrè. Kí ó dárí jì mí níbi tó wà o, ṣùgbọ́n ìwà ojo ni. Ó yẹ kó rù ú fúnra rẹ̀. Mo ti kọjá ẹnu ọ̀nà nígbà tí òfì ké gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sì dákẹ́. Ìyá Àgbà kò lọ sọ́jà. Orúnkún ń dùn ún. Ó dìde nídìí òfì, ó wo mí, ó wo ìkòkò tó wà lórí mi, ó wo ìyá mi tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìyá Dúpẹ́, o tún wá fi ọmọ rẹ rù ú." Ó wọlé lọ. Mo dúró, ṣùgbọ́n ìyá mi tì mí lẹ́yìn pé kí n máa rìn. A wọ ọkọ̀, ọkọ̀ já wa sí oríta, a fẹsẹ̀ rin ìyókù, ọrùn mi sì wọlé sínú èjìká mi. Mo bi ìyá mi bóyá a ṣì máa padà sílé. Ó ní kí n má ṣe bi òun ní ìbéèrè òmùgọ̀. N kò tíì gbàgbé ìdáhùn yẹn.

Èmi nìkan ni mo padà sílé lọ́jọ́ kejì, láti ọjọ́ náà sì ni ilé ti dàrú. Ìyá Àgbà pe bàbá mi, ó ní ìyàwó rẹ ti kọ̀ ọ́. Bàbá mi ní ọgbọ́n ni àwọn ń dá. Ìyá Àgbà ní àpótí ni ọgbọ́n, ìkòkò kì í ṣe ọgbọ́n. Wọ́n tún un sọ, wọ́n tún un sọ, títí bàbá mi fi padà sídìí pátákó rẹ̀. Àwọn díákónì náà gbọ́, wọ́n ní kí bàbá mi má tíì jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa títí àwọn yóò fi wádìí ohun tó lé ìyàwó rẹ̀ nílé, àwọn kan náà tí ìyá mi ti bẹ̀ lówó. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Òwu-Ìsin, ni wọ́n bá fi opó kan ránṣẹ́ kí bàbá mi lè fẹ́ ẹ, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò ṣẹ̀ mí, tó gbá ilé ìdáná wa mọ́, tó jókòó sórí àpótí ìdáná ìyá mi, tó se ọbẹ̀. N kò jẹ ẹ́. Àwọn àbúrò mi jẹ ẹ́, àwọn ọ̀dàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Bàbá mi kò gbójú sókè wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó kàn ń fági ṣáá, kódà nígbà tí kò sí igi tó kù láti fá. Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó kí wa pẹ̀lẹ́, ó lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, mo gbà nínú mi pé èmi ni mo tú ilé ká. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èmi kọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tiwọn lórí, wọn kò rí tèmi.

Ọyẹ́ dé, Kérésì dé. Akọ̀wé Jọ́ọ̀sì kọ orúkọ ìyá mi sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé tó ti kúrò nílé ọkọ, ẹgbẹ́ fọwọ́ sí owó sáà àkọ́kọ́, wọ́n ní ìyókù á máa jáde ní sáà-sáà. Ìyá mi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n jọ wà ní yàrá ń pe òun ní Màmá, pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìṣirò, pé òun ti ń lé wọn bá. Bàbá mi ka lẹ́tà náà ju bí mo ṣe kà á lọ.

Ní ìsinmi Àjíǹde, Ẹ̀sìẹ́ ni ìyá mi padà sí, torí ibẹ̀ ni ìwé sọ pé ó ń gbé. Bàbá mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó di iṣu mọ́ iwájú, a lọ kí i. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri. A kò tíì jẹun tán tí Akọ̀wé Jọ́ọ̀sì kọjá nínú súwẹ́tà rẹ̀. Ó dúró, ó yí kẹ̀kẹ́ náà ká. Ó bèèrè láti ẹnu ọ̀nà pé obìnrin tó ti kọ ọkọ, kí ni kẹ̀kẹ́ ọkọ ń wá lára ògiri rẹ̀? Kó tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti pe ìpàdé, wọ́n ti dá owó sáà kejì dúró. Ẹ wò ó ná. Ní Òmù-Àrán, wọ́n ní ó ti kọ ọkọ. Ní Ẹ̀sìẹ́, wọ́n ní kò kọ ọkọ. Ìlú méjèèjì ní ìdí tí wọn kò fi ní fún un lówó, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì fẹ́ wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọn kò bá san án, kó padà wá máa kọ́ kíláàsì kejì lábẹ́ ọmọ tó ń bá nu imú títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, gbogbo wa ló mọ̀.

Ẹni tí n kò fọkàn sí ló dá sí i. Nígbà tí a délé tí bàbá mi sọ fún Ìyá Àgbà pé wọ́n ní òun ń yọ́ wá bá obìnrin ní Ẹ̀sìẹ́, Ìyá Àgbà fi òfì sílẹ̀. Ó ní ọmọ òun kì í yọ́. Ó ní ìkòkò jáde ní tòótọ́, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí ìyẹn, ṣùgbọ́n nílé àwọn, a mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ìkòkò bá jáde: a ó lọ tọrọ ìyàwó. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó kó kíjìpá tó ti ń hun láti ìgbà ìkórè jáde. Mo rò pé ọjà ló ń hun wọ́n fún. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ gbogbo láti ọjọ́ náà, inú òwú ló ń gbá a sí. Bàbá mi ní ìtìjú ni kí òun tún lọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ ìyá ọmọ mẹ́rin. Ìyá Àgbà ní kó lọ dọ̀bálẹ̀, ó ṣe tán, ikùn rẹ̀ kò tíì tóbi jù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kó sínú ọkọ̀ lọ ṣe ìdána ìyá mi, èmi ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Iṣu, oyin, iyọ̀, orógbó, kíjìpá Ìyá Àgbà lókè wọn. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn èèyàn tó ti dọ̀bálẹ̀ fún lọ́dún mẹ́wàá ó lé, àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé Jọ́ọ̀sì ni inú rẹ̀ dùn jù. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún Baálé, bàbá àgbà tó jẹ́ olórí agboolé náà, pé bí àwọn bá ti gba ẹrù tán, obìnrin náà ti di ti Òmù-Àrán, ọ̀rọ̀ owó ìwé ti kúrò lọ́rùn ẹgbẹ́. Wọ́n mú ìyá mi jáde, aṣọ bò ó lórí bí ọmọge. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bi ìyàwó bóyá kí àwọn gba ẹrù, bí kò bá sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n gbà á, wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sí ìgbà mìíràn nínú ọ̀rọ̀ náà tí ẹnikẹ́ni ti ní láti dúró gbọ́ ohun tí obìnrin fẹ́ sọ. Baálé bi í lẹ́ẹ̀kínní, kò dáhùn. Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Wọ́n rò pé ìtìjú ìyàwó ló ń ṣe. Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ má tíì gbà á, Bàbá," ìyá mi wí lábẹ́ aṣọ. "Ẹ ní kí Bọ̀dá Akọ̀wé ṣí ìwé ìpàdé."

Àwọn àgbà jókòó gbọnin bí ère òkúta tó wà nínú igbó Ẹ̀sìẹ́. Ìyá mi ṣí aṣọ kúrò lórí ara rẹ̀, èyí tí ìyàwó kì í ṣe, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá kíláàsì sọ̀rọ̀. "Kí iṣu yìí tó dé, ọmọ yín ni mí. Bí ẹ bá gbà á tán, ẹ ó ní n kì í ṣe ọmọ yín mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọbìnrin ilé yìí, ì báà wà nílé ọkọ, ì báà má wà níbẹ̀, ọmọ ilé ni, ẹ ó sì ràn án lọ́wọ́ láìní kó ru ìkòkò kankan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mi. Lẹ́yìn náà, ẹ gba iṣu."

Akọ̀wé Jọ́ọ̀sì ní kò ṣeé ṣe, Kérésì nìkan ni wọ́n ń yí òfin padà. Ìyá mi ní kò burú, kí àwọn àna gbé ẹrù wọn padà títí di Kérésì. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Àgbà. Mo rò pé ó ti parí, pé inú á bí i, pé á ní kí a wọ ọkọ̀ lọ sílé. Awakọ̀ ti ń fun fèrè níta. Ìyá Àgbà wá tú gèlè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó na orúnkún tó ń dùn ún síwájú.

"Àwa ò kánjú," ó wí. "Iṣu wa dára, yóò dúró di Kérésì."

Kò sí iṣu ìgbà Àjíǹde tó lè dúró di Kérésì, gbogbo wọn ló mọ̀. Ebi ti ń pa wọ́n. Baálé na ọwọ́ sí Akọ̀wé Jọ́ọ̀sì, ó ní kó kọ ọ́. Ó tú aṣọ funfun, ó kọ ọ́, ó ń gbin. Ìyá mi ní kó fún èmi kí n kà á sókè, torí pé mo mọ̀wé. Mo kà á títí mo fi kan ibi tó ti fi kún un pé bí ọkọ wọn bá fọwọ́ sí i. Mo gbójú sókè. Ìyá mi ní, "Ẹ fagi lé ìyẹn, Bọ̀dá." Akọ̀wé Jọ́ọ̀sì wo bàbá mi bóyá á dá sí i. Bàbá mi ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí pé kó dìde. Ó ní òun kò rí ohun tí òun fẹ́ fọwọ́ sí. Akọ̀wé fagi lé e. Wọ́n gba iṣu.

Ìkòkò náà bá wa wọ ọkọ̀ padà. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí n rù ú, itan ara rẹ̀ ló gbé e lé. Nígbà tí mo bú sẹ́kún nínú ọkọ̀, tí n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀, òun ló bi mí bóyá mo ti ń rò pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́ láti ọjọ́ yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìyá mi àti àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ló gbé e lé mi lórí, ọrùn lásán ni mo yá wọn. Ìyá mi padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́jọ́ tí ó yẹ, ó sì parí rẹ̀, gbogbo ọdún méjèèjì náà ni Ìyá Àgbà sì ń fi ìkòkò yẹn se ọbẹ̀ fún wa, ó máa ń pọ̀ níyọ̀ jù.

Mo ti lé lógójì ọdún, mo ti bímọ mẹ́ta, nígbà tí èmi náà fẹ́ padà lọ gba dìgírì. Mo lọ sí Ẹ̀sìẹ́. Akọ̀wé Jọ́ọ̀sì ti darúgbó, ó ti kúrò ní Jọ́ọ̀sì, súwẹ́tà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó tú ìwé náà kúrò nínú aṣọ funfun, ó fi ìka tọ ìlà náà títí ó fi rí i, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó wá bi mí bóyá mo mú ìwé ìfọwọ́sí ọkọ mi dání. Orí mi gbóná. Mo ní kó dákun, kó ka èyí tí wọ́n fagi lé fún mi. Ó kà á. Ó tún un kà nínú, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó wá mú bírò, ó bi mí bí mo ṣe ń kọ orúkọ mi.